Ta Ni Matt Dillon Gan-an? Àlàyé lórí William Conrad, Òṣèré Tí Ohùn Rẹ̀ Gbajúmọ̀ Ṣáájú Ojú Rẹ̀

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà pé ta ló ṣe Matt Dillon nínú eré kábọ́ì tó ń jẹ́ Gunsmoke, James Arness ló máa dárúkọ, kò sì parọ́. Bí ẹ bá tún yẹ ìtàn rédíò ilẹ̀ náà wò, William Conrad lẹ máa bá níbẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Eré kan náà, ọ̀gá agbófinró kan náà, ìlú kan náà, àmọ́ èèyàn méjì ló ń jẹ́ ẹ. Èyí tó wá dojú rú jù ni pé láti 1955 títí di 1961, àwọn méjèèjì ń jẹ́ Matt Dillon lásìkò kan náà, ọ̀kan lórí tẹlifíṣọ̀n, èkejì lórí rédíò. CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló sì gba àwọn méjèèjì síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Conrad kò tán síbẹ̀. Ẹlòmíì mọ̀ ọ́n sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó ń gun mọ́tò ńlá káàkiri Los Angeles. Ẹlòmíì ní ohùn tó ń yára sọ ìtàn nínú eré àwòrán àwọn ọmọdé ni. Ẹni tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ á ní apààyàn tó wọlé oúnjẹ pẹ̀lú ìbọn ni. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n to iṣẹ́ ọkùnrin yìí létòlétò, kó lè hàn bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti wọ ilé gbogbo ará Amẹ́ríkà ṣe lè máa rìn lójú pópó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni ò yíjú wò ó.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń ṣini lọ́nà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tán ìyẹn. John William Cann ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an, nígbà tí wọ́n bí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920 nílùú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Conrad jẹ́ orúkọ iṣẹ́. Nínú eré àwòrán tí mo dárúkọ lókè, Bill Conrad ni wọ́n kọ. Àwọn kan tún máa ń pa á pọ̀ mọ́ Robert Conrad, gìrìpá tó ṣe The Wild Wild West láàárín 1965 sí 1969. Wọn kì í ṣe ẹbí rárá.

Ilé sinimá làwọn òbí rẹ̀ ní, nítorí náà fíìmù kò ṣàjèjì sí i láti kékeré. Wọ́n kó lọ sí gúúsù Kalifọ́níà, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní KMPC, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Los Angeles. Ogun Àgbáyé Kejì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́: ní 1943 ó di awakọ̀ òfuurufú ogun, kó tó wá bọ́ sí ẹ̀ka rédíò àwọn ọmọ ogun, níbi tó ti ń gbé eré jáde tó sì ń darí rẹ̀. Nígbà tó fi máa bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, ó ti mọ iṣẹ́ rédíò látiwájú máìkì dé ẹ̀yìn gíláàsì ibi tí adarí máa ń jókòó sí.

Irú òṣèré wo wá ni? Ní Hollywood ayé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣòwò òṣèré. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú wọn lọjà wọn. Ipa yòówù kí wọ́n fún wọn, àwọn fúnra wọn làwọn èèyàn ń sanwó wá wò. Àwọn yẹn lorúkọ wọn ń gorí pátákó níwájú ilé sinimá. Àwọn kejì ni wọ́n ń pè wá láti jẹ́ adájọ́ lónìí, olè lọ́la, dókítà lọ́tùn-únla. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ lojú wọn ṣe ń pòórá sínú ipa náà tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ Oscar kò tilẹ̀ ní ẹ̀bùn kankan fún irú wọn. Lórí àwọn fíìmù ọdún 1936 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún òṣèré tó ń ti olórí òṣèré lẹ́yìn. Walter Brennan ló kọ́kọ́ gbà á nínú àwọn ọkùnrin, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún márùn-ún. Nítorí náà, kì í ṣe pé Hollywood kò mọyì wọn. Ó mọyì wọn, owó wọn àti orúkọ wọn ni kì í tó ti àwọn tọ̀hún.

Conrad wà nínú ọ̀wọ́ kejì yìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tún kó sí nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní, ìyẹn rédíò, àárín rédíò gan-an sì ni àṣírí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá mọ rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn tí wọ́n sì ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ kò ní mọ ohun tó jẹ́ ní Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 1960. Rédíò ni tẹlifíṣọ̀n wọn nígbà yẹn. Lálaalẹ́, NBC, CBS àtàwọn yòókù ń gbé eré oníṣe jáde: ti ọ̀daràn, ti ẹ̀rù, ti ìfẹ́, ti àwọn ọkùnrin orí ẹṣin ìwọ̀ oòrùn. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti ti sìgá ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdílé á jókòó yí àpótí ká, wọ́n á máa gbọ́. Òṣèré kan ṣoṣo lè wà nínú eré mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olùgbọ́ kò sì ní mọ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ti yí ohùn rẹ̀ padà.

Ibí ni a ti dé ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ya ẹnu. Conrad fúnra rẹ̀ fojú bù ú pé òun jẹ́ ipa tó lé ní 7,500 lórí rédíò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá ní ogún ọdún ló fi ṣe é, á jẹ́ bí 375 lọ́dún, ìyẹn ju ipa kan lọ lójúmọ́, Sátidé àti Sunday wà níbẹ̀. Ṣé ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Lórí fíìmù, kò ṣeé ṣe láéláé. Fíìmù kan lè gba òṣèré lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ní rédíò, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Òṣèré kò há nǹkankan sórí: ìwé eré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà á níwájú máìkì, bó bá sì ka ojú ewé kan tán, á rọra sọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwé má bàa dún. Kò sí aṣọ pípààrọ̀, kò sí iná títàn síni lójú, kò sí pé oòrùn ti wọ̀. Wọ́n á dán eré wò ní ìwọ̀nba wákàtí, wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́, ó parí. Sítúdíò kò sì jìnnà síra wọn. Ní 1938 ni CBS àti NBC kọ́ ilé ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ tuntun sí Hollywood, Sunset Boulevard làwọn méjèèjì wà, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹni tó ń ṣeré fún CBS láàárọ̀ lè wà ní NBC lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn ìyẹn, òṣèré kan a máa jẹ́ ju èèyàn kan lọ nínú eré kan náà. Yóò jẹ́ ọlọ́pàá ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì wá jẹ́ awakọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa ní ìparí, bíi apidán tó ń pààrọ̀ agọ̀ lójú agbo. Ohùn ńlá tó ń kí olùgbọ́ káàbọ̀ sí eré lè jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń ka gbogbo wọn sí ipa.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í gbà gbọ́: eré kan náà ni wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan náà. Aago New York fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú ti Los Angeles. NBC àti CBS kò sì gbà kí wọ́n gba eré sílẹ̀ kí wọ́n tún un lò, pé ohùn ojú ẹsẹ̀ làwọn ń tà. Nítorí náà, àwọn òṣèré Hollywood á ṣe eré fún àwọn ará ìlà oòrùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ jẹun, wọ́n á sì padà wá ṣe é látòkèdélẹ̀ fún àwọn ará ìwọ̀ oòrùn ní aago mẹ́jọ. Ìgbà tí olórin Bing Crosby takú ní 1946 pé àfi kí wọ́n gba ètò òun sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Tèmi ni pé ẹ má fi 7,500 yẹn búra. Òun ló fojú bù ú, kò sẹ́ni tó jókòó ka ipa tí òṣèré rédíò ń jẹ́, wọn kì í sì í dárúkọ gbogbo òṣèré ní ìparí eré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí sí àwọn eré àsìkò náà fún oṣù kan, yálà Escape ni tàbí Suspense, á gbà pé bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó wúwo, síbẹ̀ ó lè mú un tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè mú un dùn, ó sì lè mú un bani lẹ́rù láìpariwo. Nínú Escape, tí CBS gbé jáde láti 1947 sí 1954, òun àti Paul Frees ló ń pín iṣẹ́ ohùn ìbẹ̀rẹ̀ ṣe láàárín ara wọn. Frees náà jẹ́ irú rẹ̀: oní-ohùn ẹgbẹ̀rún tí ẹ ò lè mọ̀ bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà.

Sinimá náà ti ń pè é lásìkò yìí. Ní 1946, Robert Siodmak darí The Killers, látinú ìtàn kúkúrú Ernest Hemingway. Fíìmù yìí ló sọ Burt Lancaster di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n kí Lancaster tó yọjú, ọkùnrin méjì ló kọ́kọ́ wọlé oúnjẹ kékeré kan, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi oníbùúkà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba olùwòran kí ìbọn tó yọ. Charles McGraw lọ̀kan, Conrad lèkejì. Àwọn méjèèjì kò pẹ́ lójú àwòrán, àmọ́ àwọn lẹ máa rántí. Látìgbà náà, ipa ọ̀daràn àti ti onímàgòmágó ni sinimá fi ń pè é: ara rẹ̀ sanra, ojú rẹ̀ dì, irunmú rẹ̀ dúdú. Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa. Lórí rédíò, ọkùnrin kan náà yìí ń jẹ́ akọni, olólùfẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n, ohunkóhun. Níwájú kámẹ́rà, ikùn rẹ̀ ló ń pín ipa fún un.

Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba jù ni ìtàn Leiningen, àgbẹ̀ kan ní Bràsíl tí ọmọ ogun ìjàlọ ń bọ̀ wá jẹ oko rẹ̀ run, tó sì kọ̀ láti sá. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, Escape fi ṣeré lórí rédíò, Conrad sì ni Leiningen. Ọ̀kan nínú eré rédíò tó dáa jù tí wọ́n ṣe láyé nìyẹn lójú tèmi. Ẹ máa gbọ́ agídí ọkùnrin náà, ẹ máa gbọ́ bí agídí yẹn ṣe ń di ìbẹ̀rù. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1954, Hollywood fi ìtàn yìí kan náà ṣe fíìmù The Naked Jungle. Charlton Heston ni Leiningen. Conrad wà nínú fíìmù náà o! Aṣojú ìjọba tó wá kìlọ̀ fún Leiningen pé ìjàlọ ń bọ̀ ni wọ́n fi ṣe.

Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Agnes Moorehead, tó ṣe ìyá Kane nínú fíìmù Citizen Kane ní 1941, ṣe eré Sorry, Wrong Number fún Suspense ní oṣù Karùn-ún ọdún 1943: obìnrin aláìsàn kan lórí ibùsùn tó ṣèèṣì gbọ́ lórí tẹlifóònù bí wọ́n ṣe ń gbìmọ̀ ìpànìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ló gbé eré náà lẹ́rù. Àwọn olùgbọ́ gbà á débi pé wọ́n pè é padà léraléra láti tún un ṣe, títí di 1960. Nígbà tí wọ́n wá fi ṣe fíìmù ní 1948, Barbara Stanwyck ni wọ́n fún. Conrad sì tún wà nínú fíìmù yẹn pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn tó ń jẹ́ Morano.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Rédíò ń ra ohùn, sinimá ń ra ojú. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì, olórí òṣèré lèyí á fi ṣe, ìránṣẹ́ lọ̀hún á fi ṣe. Èyí ló yẹ kó wà lọ́kàn wa ká tó dé ọ̀dọ̀ Matt Dillon.

Gunsmoke bẹ̀rẹ̀ lórí CBS ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1952. Norman Macdonnell ló ń darí rẹ̀, John Meston ni òǹkọ̀wé tó gbé e lẹ́rù jù. Eré kábọ́ì tó ti wà tẹ́lẹ̀, bíi The Lone Ranger, ti àwọn ọmọdé ni: ẹni rere mọ́ bí aṣọ funfun, ẹni burúkú á sì ṣubú kó tó di pé wọ́n lọ sùn. Macdonnell àti Meston ní àgbàlagbà làwọn ń ṣe tàwọn fún. Dodge City ní Kansas wọn, láyé 1870 sí 1880, kún fún òtútù, ìwà òǹrorò, àti èèyàn tó ń kú láìnídìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní onígbọ̀wọ́, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó ń ta ọṣẹ tó máa ní kí wọ́n dín ẹ̀jẹ̀ kù. Àwọn tó ń ṣe ìró rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀gá: bàtà lórí pákó, ìró irin ẹ̀yìn bàtà, ajá tó ń gbó lọ́nà jíjìn, ẹṣin tó ń jẹ koríko. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàápàá wà níbẹ̀.

Ta ni kó jẹ́ Matt Dillon? Meston fẹ́ Conrad. Macdonnell ló ń ṣiyèméjì, ohun tó sì mú un ṣiyèméjì ni pé ohùn Conrad ti pọ̀ jù lórí afẹ́fẹ́, àwọn olùgbọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Òṣèré tó tà jù ni iṣẹ́ fẹ́ kọjá lórí rẹ̀! Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kà níbi ìdánwò tí Macdonnell fi gbà. Matt Dillon tó ṣe jẹ́ ẹni tó ti rẹ̀, tí inú ń bí, tó mọ̀ pé òfin kì í dé lásìkò nígbà mìíràn. Parley Baer ni Chester, olùrànlọ́wọ́ Dillon, Howard McNear ni dókítà ìlú, Georgia Ellis ni Kitty, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí. Títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1961, wọ́n ti ṣe bí 480 ìpín.

Nígbà tí CBS wá gbé e lọ sí tẹlifíṣọ̀n ní 1955, wọ́n pe àwọn òṣèré rédíò wá dánra wò. Ká sọ òótọ́, ojú ayé ni wọ́n fi pè wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n mú. Wọ́n lọ mú James Arness, ọkùnrin tó ga tó mítà méjì, tí ẹṣin gan-an dà bí ọmọ kékeré lábẹ́ rẹ̀. Dennis Weaver di Chester, Milburn Stone di dókítà, Amanda Blake di Kitty. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, John Wayne ló jáde wá fi eré tuntun náà han àwọn olùwòran. Látàrí èyí ni ìtàn fi ń lọ káàkiri pé Wayne ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe Matt Dillon, pé òun ló kọ̀ ọ́. Charles Marquis Warren, tó gbé eré tẹlifíṣọ̀n náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, sọ pé kò sóhun tó jọ ọ́, pé òun ò fìgbà kan rò ó wò.

Àwọn kan máa ń rò pé wọ́n lé Conrad lẹ́nu iṣẹ́ ni. Rárá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Gunsmoke méjì fi ń rìn pọ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń mú ìwé eré tí Meston ti kọ fún rédíò, ó ń fi àwòrán sí i. Ìtàn tí Conrad ti sọ lẹ́nu ni Arness ń fi ara ṣe. Ti tẹlifíṣọ̀n lọ títí di 1975, ó pé ogún sáà, ìyẹn ló fi bo ti rédíò mọ́lẹ̀ nínú ìrántí àwọn èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ ń gbọ́ láìwo orúkọ òṣèré, ẹ gbọ́ orúkọ ìdílé Chester: Proudfoot ni lórí rédíò, Goode ni lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹlòmíì lè ní rédíò ló kàn ń kú lọ ní tirẹ̀, pé kò sí ọ̀rọ̀ ojú níbẹ̀. Ẹ wo Have Gun – Will Travel. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú Richard Boone. Nígbà tí CBS gbé e wá sí rédíò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn ò pe Boone, John Dehner ni wọ́n pè, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ́ oríṣiríṣi ipa nínú Gunsmoke rédíò. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ojú Boone ṣe níwájú máìkì? Ìṣòwò méjì ni, oníbàárà wọn yàtọ̀ síra. Àwọn mìíràn nínú òṣèré Gunsmoke náà rí ojú rere tẹlifíṣọ̀n nígbà tó yá, ní ibi tí ara wọn bá mu: Howard McNear di Floyd tó ń gẹrun nínú The Andy Griffith Show, Parley Baer sì ṣe olórí ìlú nínú rẹ̀.

Eré rédíò oníṣe fúnra rẹ̀ parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, nígbà tí CBS gbé Suspense àti Yours Truly, Johnny Dollar jáde fún ìgbà ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ohùn Conrad ti rí ilé tuntun kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Láti 1959 ló ti ń sọ ìtàn nínú eré àwòrán Jay Ward nípa Rocky àti Bullwinkle, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò àti ẹran ńlá oníwo tí kò gbọ́n. Ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹ ò ní gbà pé òun ni Matt Dillon. Ohùn náà lọ sókè, ó ń sáré, ó ń pariwo bíi pé ayé fẹ́ parẹ́. Ní 1963 ó tún di ohùn tó ń sọ ìtàn nínú The Fugitive, eré David Janssen nípa dókítà tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ìyàwó rẹ̀. Quinn Martin ló gbé e jáde. Ìparí rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni ètò tí èèyàn tíì wò jù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà. Ohùn Conrad ló tilẹ̀kùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó tún darí fíìmù. Mẹ́ta ló ṣe fún ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. ní 1965 nìkan, tó jẹ́ ti ẹ̀rù àti ìpànìyàn. Mi ò ní tan yín, wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré wá. Ohun tó bá a wá láti Warner Bros. tó gbayì jù ni ère àwòdì dúdú kan tí wọ́n lò nínú fíìmù The Maltese Falcon ní 1941. Jack Warner, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ló fi ta á lọ́rẹ. Lẹ́yìn ikú Conrad, Christie's lu ère náà ní gbàǹjo ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ó sì lọ ní dọ́là 398,500.

Ìgbà tó pé àádọ́ta ọdún ni nǹkan yí padà. Quinn Martin, tó ti mọ ohun tó wà lọ́fun ọkùnrin yìí láti ìgbà The Fugitive, pinnu láti fi ojú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ sórí àwòrán. Cannon bẹ̀rẹ̀ lórí CBS ní 1971, ó sì lọ títí di 1976. Frank Cannon jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, ó sanra, ó pá lórí, ó fẹ́ràn oúnjẹ aládùn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sáré. CBS yìí kan náà ni wọ́n ti wò ó ní 1955 tí wọ́n ní ikùn rẹ̀ kò bá Matt Dillon mu. Kí ló yí padà? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn olùwòran ti rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ arẹwà tó, wọ́n ń fẹ́ ẹni tí wọ́n lè dá mọ̀ nínú èrò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara tó fi pàdánù iṣẹ́ ti wá di ìdí tí wọ́n fi fún un níṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe Nero Wolfe ní 1981, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sísanra mìíràn, tí kò pẹ́. Láti 1987 sí 1992, ó ṣe Jake and the Fatman pẹ̀lú Joe Penny, níbi tí wọ́n ti gbé ìsanra rẹ̀ sínú orúkọ eré gan-an. Ó kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1994. Ní 1997, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn àgbà rédíò nínú Radio Hall of Fame.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí Cannon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lojú rẹ̀ wà jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Gunsmoke rédíò ló ṣì wà ní gbígbà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ Escape náà wà, ìdajì wákàtí péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn Leiningen lórí Escape ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ wo The Naked Jungle. Nígbà tí aṣojú ìjọba bá yọjú nínú fíìmù náà tó ń kìlọ̀ fún Heston nípa ìjàlọ, ẹ di ojú yín, kí ẹ sì fetí sí èwo nínú àwọn méjèèjì ni Leiningen.